Sondre Norheim: ọmọ aláìnílẹ̀ tó kọ́ aráyé bí a ṣe ń sáré lórí yìnyín

Ìtàn tí a mú wá lónìí jìnnà sí wa. Ìtàn ọkùnrin kan ni, ará ilẹ̀ òtútù, tó ti kú láti ọdún 1897. Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, ẹnikẹ́ni ò lè ṣe é ní àgbègbè wa, torí pé yìnyín tí wọ́n fi ń ṣe é ò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù kí ẹ kà á dé òpin. Ó dá wa lójú pé ẹ máa rí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ná. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó kọ́ alùpùpù lórí ọ̀nà ọ̀dà nìkan ò tíì mọ alùpùpù gùn. Ẹ jẹ́ kó yà kúrò lórí ọ̀dà, kó gba ọ̀nà oko lórí ilẹ̀ pupa wa lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ ó rí i bí táyà ẹ̀yìn á ṣe máa jó. Ẹ tún jẹ́ kó dé ilẹ̀ amọ̀ dúdú ní ìhà Issaba àti Massè lóṣù kẹfà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà, kó gba inú yanrìn, kó gba ibi gbágungbàgun, kó gba ojú ọ̀nà tóóró láàárín igi ọ̀pẹ, tòun ti bídọ̀n epo pupa lẹ́yìn. Zẹ́mìjáǹ tó bá ti la gbogbo ìyẹn kọjá, kò sí ibi tí ẹ máa rán an tí ẹ̀rù á bà á. Kò sí ọ̀gá kankan tó jókòó kọ́ ọ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí a fẹ́ sọ yìí rí. Sondre Norheim lorúkọ rẹ̀. Alùpùpù kọ́ ló gùn. Pákó ló dè mọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń fi sáré lórí yìnyín. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní ski nìyẹn. Àwa náà á máa pè é ní síkì.

Kí ni síkì yìí?

Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ti lè rí i fìrí. Ní ilẹ̀ òtútù, nígbà tí ọ̀yẹ́ tiwọn bá dé, omi ojú ọ̀run kì í rọ̀ bí òjò. Ó ti máa ń dì kó tó balẹ̀, á sì máa já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó lè ga dé orúnkún, ó lè ga dé àyà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ á rì wọnú rẹ̀, bí ẹni tó kó sínú àbàtà. Láyé àtijọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ti wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n gbẹ́ pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, wọ́n tẹ orí rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ bíi bàtà. Pákó náà ò ní jẹ́ kí ènìyàn rì, á sì tún máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ. Ọgbọ́n yìí ti lé ní 4000 ọdún. Torí náà, kì í ṣe Norheim ló dá síkì sílẹ̀ o. Ohun tó ṣe ni pé ó fi han àwọn ènìyàn bí ẹsẹ̀ ṣe lè máa darí pákó yẹn, bó ti wù kí ilẹ̀ rí.

Ọmọ tí wọ́n bí sí ahéré

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1825 ni wọ́n bí i, ní abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Morgedal, ní àgbègbè Telemark, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè. Øverbø lorúkọ ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ má rò pé ilé ńlá ni o. Ahéré onígi ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ọdún yẹn gan-an, 1825, ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó kó àwọn ará Nọ́wè lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà gbéra ní èbúté Stavanger. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn òbí rẹ̀ ò ní ilẹ̀. Ní Nọ́wè ìgbà yẹn, àwọn àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n ni ilẹ̀ wọn, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ṣe ni onílẹ̀ kàn fún wọn ní ahéré àti ìwọ̀nba ilẹ̀ kékeré, tí wọ́n á sì máa fi ọjọ́ iṣẹ́ san án padà. Àwa tá a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀, kò yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ẹni bẹ́ẹ̀ á roko olóko kó tó ro tirẹ̀. Tí oko olóko bá sì gba gbogbo ọjọ́ tí oòrùn ràn, a jẹ́ pé tirẹ̀ á dúró de òjò.

Sondre dàgbà, ipò kan náà ló bá ara rẹ̀. Ní ọdún 1854 ó fẹ́ Rannei Åmundsdotter, wọ́n sì bí ọmọ púpọ̀. Wọ́n ṣí láti ahéré kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n gbé ni wọ́n ń pè ní Norheim, ibẹ̀ ló sì ti mú orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ tí wọ́n kọ sára ère rẹ̀ lónìí, orúkọ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ igi gbẹ́ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ pákó síkì rẹ̀. Àwọn ará abúlé sọ pé bí yìnyín bá ti rọ̀, tí ó sì rí òkè tó dára, ó ṣòro fún un láti dúró sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní ó máa ń gun orí òrùlé ilé tòun ti pákó lẹ́sẹ̀, á sì fò sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo ohun táwọn àgbà á máa sọ nípa bàbá ọlọ́mọ púpọ̀ tí oúnjẹ ò pọ̀ nílé rẹ̀, tó sì ń fò láti orí òrùlé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, wọn ò ní ṣaláì sọ ọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo síkì ní Nọ́wè ló máa ń mú igi gígùn kan dání. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n á gun igi náà bí ẹni gun ẹṣin, wọ́n á máa fi tẹ ilẹ̀ kí eré lè dín kù. Ọ̀nà tó lọ tààrà ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dúró, igi ni wọ́n gbára lé. Norheim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Morgedal ju igi yẹn nù. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé ara àti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa fi darí.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹsẹ̀ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ilẹ̀ Morgedal ló kọ́ wọn. Àfonífojì tí òkè yí ká ni. Igbó wà níbẹ̀, àpáta wà, odi òkúta tí àwọn àgbẹ̀ fi pààlà oko wà, ibi tó tẹ́jú sì wà. Àwọn ará abúlé náà ò ka gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀ kan náà. Nínú èdè àdúgbò wọn, låm ni wọ́n ń pe ojú ọ̀nà tí pákó là sórí yìnyín, wọ́n sì fún oríṣi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní orúkọ fún oríṣiríṣi ilẹ̀ tí a ń gbin àgbàdo sí.

Ọ̀nà tó rọra ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ọmọdé lè fi bẹ̀rẹ̀, slalåm ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí yóò ṣe gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, kó má sì ṣubú. Tí ẹ bá ti wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ mọ ohun tí à ń wí: kó tó sáré, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró.

Ọ̀nà tó kún fún òkìtì kéékèèké, kneikelåm ni. Níbẹ̀, ẹni tó bá na ẹsẹ̀ gan bí òpó, òkìtì àkọ́kọ́ ló máa gbé e ṣánlẹ̀. Orúnkún gbọ́dọ̀ rọ̀. Tí òkìtì bá ń bọ̀, orúnkún á ká; tí ó bá kọjá, orúnkún á nà. Ara òkè á wà níbi tó wà, bíi ti obìnrin tó ru omi látodò tí omi náà ò sì dà sílẹ̀ bí ọ̀nà ti wù kó rí.

Svinglåm ni ọ̀nà tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń mọ̀ pé pákó ní etí bí ọ̀bẹ ṣe ní etí. Tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ á ta lu yìnyín, á sì yí. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, á ré ṣubú. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, á kàn máa yọ̀ lọ síbi tí kò fẹ́.

Hoppelåm ni ti fífò. Ufselåm ni ti etí àpáta, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣàdédé tán lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Kì í ṣe eré ọmọdé o! Ohun tí èyí ń kọ́ ènìyàn ni bí a ṣe ń balẹ̀. Nígbà tí Norheim bá máa balẹ̀, ẹsẹ̀ kan á ṣáájú, èkejì á wà lẹ́yìn, orúnkún méjèèjì á ká, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á sì gbé sókè díẹ̀. Bí àwọn tó ń fi síkì fò ṣe gbọ́dọ̀ balẹ̀ nìyẹn títí dòní kí wọ́n tó lè gba máàkì tó pé, orúkọ àgbègbè rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà ìbalẹ̀ náà: Telemark.

Èyí tó kẹ́yìn, tó sì le jù, ni villelåm. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: òkè, igbó, odi òkúta, òkìtì, etí àpáta. Ẹni tó bá máa sáré lórí rẹ̀ ò ní àyè láti ronú pé ibí yìí ti yàtọ̀ sí ibi tí mo ti wá. Ojú gbọ́dọ̀ ti wà níwájú, ẹsẹ̀ á sì máa ṣe tirẹ̀ lábẹ́.

Yìnyín fúnra rẹ̀ tún wá ní oríṣi tirẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ máa ń jìn, ó sì rọ̀; níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pín ẹrù ara bákan náà, kí ọ̀kan má bàa rì. Èyí tí oòrùn ti yọ́, tí òtútù òru sì tún mú dì, máa ń le bí àwo; ìyẹn ò fẹ́ ẹni tó ń fi agbára tẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀sọ̀ tẹ etí pákó ló fẹ́. Èyí tó ti kún fún omi nígbà tí ọ̀yẹ́ ń tán lọ máa ń di pákó mú, á fẹ́ gbé ènìyàn dojú bolẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹni tó bá ń sáré lórí òkè kan ṣoṣo lójoojúmọ́, òkè yẹn ló mọ̀, kò mọ síkì. Ara rẹ̀ á ti há gbogbo kọ́nà ibẹ̀ sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há orin sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ń yí padà, àṣìṣe tó fara pamọ́ níbi tó tẹ́jú á yọjú síta lórí òkìtì. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn tẹ̀ lè má mọ̀ lórí slalåm. Tó bá dé etí àpáta, á mọ̀. Ilẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan dà bí olùkọ́ tuntun tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè tí ẹni àná ò bi í.

Ọ̀rọ̀ slalåm yìí náà, àwa tó gbọ́ Faransé mọ̀ ọ́n. Òun ló di slalom. Nígbà tí awakọ̀ bá ń yẹ kòtò sọ́tùn-ún sósì, tá a wá ní ó ń ṣe slalom, ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílẹ̀ Morgedal ló wà lẹ́nu wa.

Igbà tó so gìgísẹ̀

Nǹkan kan wà tí ilẹ̀ líle yẹn tún kọ́ Norheim, ìyẹn sì ti inú ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ jáde. Láyé ìgbà náà, ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi okùn dè mọ́ pákó. Gìgísẹ̀ ò ní ohunkóhun tó dì í mú. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá fò, pákó á bọ́. Tí ó bá fẹ́ yí, ẹsẹ̀ á yí, pákó ò ní yí.

Norheim mú ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ àti gbòǹgbò igi tó rọ̀, ó lọ́ wọn pọ̀ bí okùn, ó sì fi wọ́n yí gìgísẹ̀ ká. Gìgísẹ̀ ṣì lè gbéra sókè, torí náà èèyàn ṣì lè rìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti pákó ti di ọ̀kan. Ẹ ronú nípa adẹ́mu wa àti igbà rẹ̀. Igbà kì í gun ọ̀pẹ fún un, àmọ́ láìsí igbà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ní ráyè ṣiṣẹ́. Ohun tí igbà jẹ́ fún adẹ́mu ni okùn gbòǹgbò yìí jẹ́ fún ẹni tó ń sáré lórí yìnyín.

Ó tún ṣe nǹkan kejì. Ó gé pákó náà kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá, ó sì gbẹ́ àárín rẹ̀ kó tín-ín-rín ju orí àti ìdí lọ, bí ìbàdí ènìyàn ṣe tín-ín-rín ju èjìká. Tí irú pákó bẹ́ẹ̀ bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí yìnyín, á tẹ̀ bí ọrun, á sì fúnra rẹ̀ yí. Pákó síkì tí wọ́n ń tà lónìí, tí wọ́n fi oríṣiríṣi nǹkan ìgbàlódé ṣe, ìrísí yẹn náà ló ní.

Kí ẹ lè mọ bí okùn yìí ṣe ṣe pàtàkì tó, ẹ gbọ́ ti Faransé kan, Henry Duhamel, ará ìhà Grenoble. Ní ọdún 1878 ó rí pákó síkì níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Paris, ó sì gbé e lọ sórí òkè àdúgbò rẹ̀ láti dán an wò. Pákó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ohun èlò, kò ní ọgbọ́n ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ tí olú ìlú rí i

Ní ọdún 1866 wọ́n ṣe ìdíje síkì kan ní Høydalsmo, nítòsí Morgedal, níbẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò sì ti fojú ara wọn rí ohun tí Norheim lè ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 1868, wọ́n pe ìdíje ńlá kan ní Christiania, olú ìlú Nọ́wè, èyí tí à ń pè ní Oslo báyìí.

Norheim ti pé ọmọ ọdún 42. Nídìí eré sísá, àgbàlagbà nìyẹn. Kò sí owó ọkọ̀. Lórí pákó ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò náà, bíi kìlómítà 200, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ìyẹn ju láti Adja-Ouèrè dé Cotonou lọ dáadáa, nínú òtútù, lórí òkè àti nínú igbó. Ẹlòmíràn ì bá ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà, villelåm gígùn kan ni. Oríṣi ilẹ̀ tó wà láàárín Morgedal àti olú ìlú ti kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn ará ìlú péjọ, wọ́n ń retí àwọn tó máa gun igi bí ẹṣin. Bàbá yìí dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí igi, kò sí ìdádúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fò, ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yí, ó sì dúró níbi tó fẹ́. Òun ló gba ipò kìn-ín-ní. Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ nípa rẹ̀ tìyanu-tìyanu. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ olówó olú ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kọ́ síkì bí àwọn ará oko Telemark ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 1881, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Morgedal, Torjus àti Mikkel Hemmestveit, tí wọ́n tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ Norheim, ṣí iléèwé síkì ní Christiania.

Àjò ò dùn kí onílé má rèlé

Ṣé ẹ rò pé ó ti di olówó nìyẹn? Rárá o. Òkìkí ò di ilẹ̀. Ó padà sí Morgedal, ó bá ahéré rẹ̀ níbi tó wà, ó sì bá iṣẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ níbi tó wà. Àwọn tó ń kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ ní ìlú ńlá ń fi ṣe fàájì. Ní tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹun.

Ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra lọ́dún tí wọ́n bí i. Láti ọdún yẹn títí di 1925, bíi 800,000 ènìyàn ló kúrò ní Nọ́wè lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ pọ̀ gan-an nínú wọn, torí pé wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 1884, nígbà tí Norheim ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún, òun náà kó ẹrù. Òun, Rannei àti àwọn kan nínú ọmọ wọn ré òkun kọjá. Minnesota ni wọ́n kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà wọ́n lọ tẹ̀dó sí North Dakota, ní ìhà Villard.

Ilẹ̀ tó ń wá ní gbogbo ayé rẹ̀, ó rí i. Àmọ́ irú ilẹ̀ wo ni? Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Koríko títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Yìnyín ń bọ̀ níbẹ̀ dáadáa, òtútù ibẹ̀ sì burú, ṣùgbọ́n òkè tí a lè fi síkì sọ̀ kalẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí oríṣiríṣi ilẹ̀ kọ́, ó wá dé ibi tí ilẹ̀ ò ti ní ohun púpọ̀ láti sọ fún un. Wọ́n ní pákó síkì rẹ̀ ṣì máa ń wà lẹ́bàá ògiri ilé rẹ̀. A kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn àgbàlagbà tó bá ń wo irinṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí bàbá wọn ti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè láàárín wa lè fojú inú wò ó.

Lọ́jọ́ ogbó, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló gbà á lọ́kàn, ó sì wà lára àwọn tó dá ìjọ àdúgbò wọn sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1897, lẹ́ni ọdún 71. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Denbigh. Kò sí òkúta kankan lórí sàréè rẹ̀ tó sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1911, ènìyàn márùn-ún fi ẹsẹ̀ tẹ òpin ayé ní ìhà gúúsù fún ìgbà àkọ́kọ́. Roald Amundsen ló ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, Olav Bjaaland, ọmọ Morgedal ni, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀gá nínú síkì. Ní 1924 wọ́n ṣe eré Òlíńpíìkì ti ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní Chamonix, ní Faransé. Nígbà tó sì kan Nọ́wè láti gbà á lálejò ní Oslo ní 1952, wọn ò lọ wá iná eré náà lọ sí Gíríìsì. Inú ààrò ahéré Øverbø, níbi tí wọ́n ti bí Norheim, ni wọ́n ti tan án, àwọn ènìyàn 94 tó wà lórí síkì sì gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Oslo. Ère rẹ̀ wà ní Morgedal báyìí, òmíràn wà ní ìlú Minot ní North Dakota. Sàréè rẹ̀ náà ti ní òkúta.

Àwọn ọmọ Áfíríkà náà ti tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Lamine Guèye láti Senegal sá eré síkì ní Òlíńpíìkì Sarajevo ní 1984. Kwame Nkrumah-Acheampong láti Ghana dé ti Vancouver ní 2010. Nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń lo yìnyín àtọwọ́dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Ó wá di dandan kó lọ sórí òkè gidi, níbi tí ilẹ̀ àti yìnyín ti ń yí padà, kó tó lè bá àwọn yòókù díje. Ní Sochi ní 2014, àwọn obìnrin méjì gbé àsíá Togo, aládùúgbò wa: Mathilde-Amivi Petitjean sá ti orí ilẹ̀ títẹ́jú àti òkè kéékèèké, Alessia Afi Dipol sá ti ìsọ̀kalẹ̀ òkè ńlá.

Ìdí tá a fi mú ìtàn yìí wá fún yín nìyí. Ní Morgedal, àwọn tí kò ní ilẹ̀ ló mọ ilẹ̀ jù. Wọ́n mọ ọ́n débi pé wọ́n fún gbogbo oríṣi rẹ̀ lórúkọ, orúkọ yẹn sì ti wọ èdè gbogbo ayé. Àwọn mélòó ló wà láàárín wa tó mọ ilẹ̀ tiwa bẹ́ẹ̀? Adẹ́mu tó mọ ọ̀pẹ tí òjò ti mú yọ̀ àti èyí tí ọ̀yẹ́ ti mú gbẹ. Ìyá tó ń ru ẹrù gba ilẹ̀ amọ̀ dúdú kọjá tí kì í ṣubú. Zẹ́mìjáǹ tó lè wo àwọ̀ ẹrẹ̀ lókèèrè kó sọ bó ṣe jìn tó. Àwọn ọmọ wa ń lọ sí Cotonou, wọ́n ń lọ sí Nàìjíríà, wọ́n ń lọ sí Gabon. Ọgbọ́n tí ilẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn òbí wọn ò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ bá wa pe àwọn àgbà jókòó, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣi ọ̀nà, oríṣi ẹrẹ̀ àti oríṣi ilẹ̀ ní abúlé yín. Kí àwọn ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ ó máa wá òkúta tí ẹ máa gbé sórí sàréè wọn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa máa rí ibi tẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.